Ilé Omi ní Kakawa àti Ilé Bàbá Tiwa
(Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá)

Ọdún 10 tí a ti ń pàdé, tí ẹgbẹ́ kò tú, kì í ṣe mímọ̀ọ́ṣe wa. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àwọn tó bá wa bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò sí láyé mọ́ lónìí, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ní kí Alukoro wá sọ̀rọ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń retí ni pé a ó ka ìtàn ẹgbẹ́: ìpàdé àkọ́kọ́, aṣọ ẹgbẹ́ tí a ti rà, òkú tí a ti bá ara wa sin, ọmọ tí a ti bá ara wa sọ lórúkọ. Gbogbo ìyẹn wà ní ojú ewé mìíràn nínú ìwé yìí, pẹ̀lú fọ́tò. Ìtàn ilé kan la mú wá. Èkó ni ilé náà wà, ṣùgbọ́n ọmọ Iléṣà ló kọ́ ọ. Ìdí tí a fi mú un wá síwájú yín yóò hàn kí a tó jókòó.

Ẹni tó bá dé òpópónà Kakawa ní Erékùṣù Èkó, níbi tí kò jìnnà sí Marina, yóò rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan láàrin àwọn ilé gíga ayé òde òní. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ ló ń gba iwájú rẹ̀ kọjá láìbojú wò ó. Ilé náà ni àwọn tó kọ́kọ́ gbé inú rẹ̀ ń pè ní Casa da Água ní èdè Potogí, ìyẹn ni Ilé Omi. Ní ọdún 1885 ni wọ́n kọ́ ọ. Orúkọ ẹni tó kọ́ ọ ni João Esan da Rocha.

Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa. João àti da Rocha, Brazil ló fún un. Esan, ilé ló ti bá a wá. Ọmọ Iléṣà ni. Ní kékeré ni wọ́n mú un lẹ́rú, tí wọ́n gbé e gba orí òkun lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Brazil. Ibẹ̀ ló dàgbà sí, ibẹ̀ ló ti fẹ́ ìyàwó, ibẹ̀ ló sì ti bí ọmọ rẹ̀ Candido ní 1860. Nígbà tí Candido ṣì wà lọ́mọdé ni wọ́n kó ẹrù wọn, tí wọ́n wọ ọkọ̀, tí wọ́n padà sí ilẹ̀ tí wọ́n ti mú bàbá lọ.

Ẹ jẹ́ ká ro ó wò. Ẹni tí wọ́n tà lẹ́rú kò lówó ọkọ̀ lọ́wọ́, kò sì lẹ́bí tó mọ ibi tó wà. Síbẹ̀, ó ṣiṣẹ́ títí ó fi di ẹni ara rẹ̀, ó sì wá owó tí òun, ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ fi la òkun kọjá. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀, tó dé Èkó, tó ra ilẹ̀, tó sì kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e lórí, kì í ṣe ilé nìkan ló kọ́. Ó fi ilé náà sọ fún gbogbo ayé pé òun ti dé.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí kò fi padà sí Iléṣà. Ohun tí a mọ̀ nípa àkókò náà tó láti dáhùn. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Àwa Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì dojú kọ Ìbàdàn, Ògèdèǹgbé tiwa sì ni balógun. Ọdún 1886 ni wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà. Èyí túmọ̀ sí pé ní ọdún tí wọ́n kọ́ Ilé Omi, ìbọn ṣì ń dún ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, ọ̀nà Iléṣà kò sì ṣe é rìn fún ẹni tó kó ìyàwó àti ọmọ dání. Èkó ni àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ti òkè òkun dé kóra jọ sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá Ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀ láti máa ran àwọn ti ilé lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn, Philip José Meffre, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí òun náà ti Brazil dé, wà lára àwọn tó ń jíṣẹ́ láàrin Èkó àti ojú ogun. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá ní ẹgbẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Èkó jẹ́ ohun àná, ẹ sọ fún un pé ó ti ju 140 ọdún lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ilé náà fúnra rẹ̀, àti irú ilé tó jẹ́.

Àdúgbò tí àwọn tó ti Brazil dé tẹ̀dó sí ní Èkó ni à ń pè ní Pópó Àgùdà. Àgùdà ni orúkọ tí Èkó fún wọn, orúkọ yẹn náà la sì fi ń pe ìjọ Kátólíìkì títí dòní, nítorí pé àwọn ni wọ́n gbé e dání wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kọ́ṣẹ́ ọwọ́ lókè òkun: bíríkìlà, káfíńtà, télọ̀, alágbẹ̀dẹ. Ohun tí ìyà kọ́ wọn, òun ni wọ́n fi ń jẹun nígbà tí wọ́n padà dé. Nígbà tí ìjọ Àgùdà fẹ́ kọ́ ilé ìsìn Holy Cross, tí wọ́n parí ní 1881, àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ wọn, Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre, ló bójú tó o. Nígbà tí Mohammed Shitta Bey fẹ́ kọ́ mọ́ṣáláṣí tirẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1894, ọmọ Àgùdà mìíràn, João Baptista da Costa, ló ké sí, tí òun àti Sanusi Aka jọ ṣe é. Ẹ ò rí i pé ọwọ́ kan náà ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tó sì kọ́ mọ́ṣáláṣí. Iṣẹ́ tó dára kì í béèrè ẹ̀sìn.

Báwo ni ilé wọn ṣe yàtọ̀ sí tiwa? Ẹ rántí agbo ilé àwọn bàbá ńlá wa. Ògiri ló kọ sí ìta, yàrá gbogbo kọjú sí àgbàlá láàrin. Ẹni tó bá ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá kò lè mọ̀ bóyá olówó ló ń gbé inú rẹ̀ tàbí tálákà. Ilé Àgùdà yí ojú padà. Ó kọjú sí pópó. Ilẹ̀kùn ńlá wà láàrin gbùngbùn, fèrèsé tó dọ́gba sì wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Orí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sábà máa ń tẹ̀ kọrọdọ bí òṣùmàrè. Wọ́n fi ìrẹ́ ṣe òdòdó àti òpó sára ògiri, wọ́n sì kun gbogbo rẹ̀ ní ọ̀dà tó ń dán. Tí o bá wọlé, ọ̀nà kan gba àárín ilé lọ tààrà, yàrá sì wà níhà méjèèjì. Àtẹ̀gùn onípákó gòkè lọ sí pálọ̀ òkè, níbi tí onílé ti ń gbàlejò, tí ó sì ti lè bojú wo pópó láti ojú fèrèsé. Ògiri wọn nípọn gan-an. Ìdí nìyí tí inú ilé fi máa ń tutù lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, láìsí fáànù, láìsí ẹ̀rọ amúlétutù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń mi orí yẹn, a mọ ohun tí ẹ ń rò. Ẹ ń sọ nínú ọkàn yín pé, "Ilé bàbá mi ní Iléṣà lò ń júwe yìí." Òótọ́ ni. Nígbà tí òwò aṣọ àti owó kòkó wọ ọwọ́ àwọn bàbá wa, ilé tí wọ́n rí ní Èkó ni wọ́n lọ kọ́ sílé. Òṣómàáló tó ti gbé aṣọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tó ti lóṣòó sí iwájú ilé ajigbèsè títí owó rẹ̀ fi pé, kò ní padà wálé wá kọ́ ilé tó kọ ògiri sí ìta. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló fẹ́, kí ó kọjú sí pópó, kí ó ní òdòdó lára, kí wọ́n sì kọ ọdún tí ó parí sí iwájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé àwòrán ilé tó ti Bahia wá sí Pópó Àgùdà tún gba inú igbó kòkó dé àdúgbò tiwa. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ Ilé Omi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ olówó Èkó kan ṣoṣo là ń sọ. Ẹ̀gbọ́n ilé bàbá wa là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ó wá ku orúkọ rẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì pọ̀ ní Èkó nígbà náà, àwọn kan sì lè dára ju èyí lọ. Kí ló dé tí èyí fi di Ilé Omi?

Ẹni tó bá mọ Erékùṣù Èkó mọ̀ pé omi yí i ká, ṣùgbọ́n omi mímu ló ṣòro. Omi ọ̀sà ní iyọ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ kò ga, kànga tí kò jìn sì tètè máa ń dọ̀tí bí èrò ṣe ń pọ̀ sí i. Ilé da Rocha ní omi tó mọ́. Àwọn ará àdúgbò ń gbé ìkòkò àti garawa wá, wọ́n ń ra omi níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, wọn kò pe ilé náà ní ilé João, wọn kò pè é ní ilé olówó. Ohun tí wọ́n ń bá jáde níbẹ̀ ni wọ́n fi pè é.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé ọ̀rọ̀ wa wà níbẹ̀. Wọn kò fún ará ìlú lómi lọ́fẹ̀ẹ́. Títà ni wọ́n ń tà á, èrè sì wà nínú rẹ̀. Àwa tí a ń jẹun nídìí iṣẹ́ báńkì kò ní bú wọn nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí ìlú ń wá ni wọ́n tà, ẹnu ọ̀nà wọn sì ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ rà. Ìjọba kò tíì gbé omi ẹ̀rọ dé. Ọdún 1910 ni iṣẹ́ omi Ìjú tó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ọdún 25 lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ ilé yìí. Kí omi Ìjú náà tó dé ọ̀dọ̀ ará ìlú, ìjà ńlá ti wà lórí owó omi. Ní 1908, Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti tako owó tí ìjọba fẹ́ máa gbà. Ohun tí àwọn ará Èkó ń sọ ni pé kànga àwọn tó àwọn lò, àwọn òyìnbó ni kí wọ́n sanwó omi òyìnbó. Nínú ìlú tí omi ti lè dá ìjà sílẹ̀ báyìí, ilé tí ènìyàn lè gbé garawa lọ, kí ó sì rí omi pọn, kì í ṣe ilé lásán. A kì í bá omi ṣọ̀tá, bẹ́ẹ̀ ni a kì í bá ilé olómi ṣọ̀tá.

Lẹ́yìn João, Candido ọmọ rẹ̀ ló di olórí ilé. Ilé-ẹ̀kọ́ CMS Grammar School ló lọ. Lára àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ ni Herbert Macaulay àti Isaac Oluwole tó di bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ ṣàkíyèsí i pé ọmọ Àgùdà ni, tí bàbá rẹ̀ ń lọ sí ìjọ Kátólíìkì, síbẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn CMS ló ti kàwé. Àwọn àgbà yẹn mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fún ọmọ wọn. Àbúrò rẹ̀, Moses da Rocha, kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Edinburgh, ó sì máa ń kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ ènìyàn dúdú. Ọmọ ẹni tí wọ́n tà lẹ́rú di dókítà láàrin ìran kan ṣoṣo.

Candido fúnra rẹ̀, òwò ló ṣe. Ó ní ilé àti ilẹ̀, ó ní òtẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ Bonanza, ó sì ń tọ́jú òwò omi. Ọ̀kan nínú ohun tó ṣe ló wú àwa òṣìṣẹ́ báńkì lórí jù. Báńkì òyìnbó ti wà ní Èkó. Bank of British West Africa bẹ̀rẹ̀ ní 1894. Ṣùgbọ́n oníṣòwò dúdú tó bá fẹ́ yáwó níbẹ̀ máa ń rí pupa ojú. Candido da Rocha, J. H. Doherty àti Sedu Williams para pọ̀ dá ilé owó tiwọn sílẹ̀, wọ́n pè é ní Lagos Native Bank. Kò pẹ́ láyé bí ilé tó ń gbé. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn mẹ́ta náà: ọmọ Àgùdà kan, ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan, Mùsùlùmí kan. Wọ́n rí i pé ìlú ń wá owó bó ṣe ń wá omi, wọ́n sì gbìyànjú láti gbẹ́ kànga owó.

Owó Candido di ìtàn. Wọ́n sọ pé aṣọ rẹ̀, Ìlú Ọba ló ń fi ránṣẹ́ fọ̀. Bóyá òótọ́ ni, bóyá àwàdà Èkó ni, ohun tí a mọ̀ ni pé nígbà tí ẹnìkan bá ń náwó ju agbára rẹ̀ lọ, àwọn àgbà Èkó máa ń bi í pé ṣé òun ni da Rocha ni. Ní 1959 ni ó kú, ó kù díẹ̀ kí ó pé 100 ọdún. Ọmọ tí wọ́n bí sí Brazil nígbà tí oko ẹrú ṣì wà níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ rí òmìnira Nàìjíríà. Ọdún kan péré ló kù.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, òkìkí ilé náà kò kú. Brazil rán òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Antonio Olinto wá sí Èkó ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ òmìnira. Ó rìn láàrin àwọn ìdílé Àgùdà, ó gbọ́ ìtàn wọn, ó padà lọ kọ ìwé ìtàn àròsọ kan, tí ó jáde ní 1969. Ó pè é ní A Casa da Água. Títí dòní, àwọn ará Brazil tí wọn kò mọ Iléṣà lórí àwòrán ilẹ̀ ń ka ìwé tó gba orúkọ rẹ̀ lára ilé ọmọ Iléṣà. Ilé náà ṣì dúró ní Kakawa.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, gbogbo ilé kọ́ ló ń rí báyìí.

Ní Gbàgede Tinúbú, níbi tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé láti Kakawa, ilé mìíràn wà tó dàgbà ju Ilé Omi lọ. Nǹkan bí 1855 ni wọ́n kọ́ ọ. Ìdílé Fernandez, àwọn náà ti Brazil wá, ló kọ́kọ́ ni ín. Ní 1933, Alfred Omolana Olaiya, ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Ìsù ní Èkìtì, rà á, ó sì sọ ọ́ ní Ilojo Bar, ní orúkọ agbo ilé kan nílùú rẹ̀. Alfred yìí ni bàbá Victor Olaiya, olórin hailáìfù tí gbogbo wa mọ̀. Ilé náà lẹ́wà. Fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, irin tí wọ́n fi ọnà sí wà lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè rẹ̀, igun gbàgede ló sì jókòó sí bí ọba. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Ní ọjọ́ Sunday, ọjọ́ 11 oṣù September, ọdún 2016, wọ́n gbé ẹ̀rọ wá, wọ́n sì wó o lulẹ̀.

Ọdún 2016, ẹ gbọ́. Ọdún tí a dá ẹgbẹ́ wa yìí sílẹ̀. Iye ọdún tí a ti ń ṣe ìpàdé ni iye ọdún tí ilé náà ti di ilẹ̀.

A kò wá síbí láti dá ẹjọ́. Ẹbí ní ilé ti gbó, ó lè wó pa ènìyàn. Àjọ tó ń mójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní òfin dáàbò bò ó, àwọn kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ. Tí ẹ bá rò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ní ìwúwo. Ìjọba tó kéde pé ilé rẹ di ti gbogbo orílẹ̀-èdè, tí kò sì bá ọ kan páànù sórí rẹ̀, ẹrù ló gbé lé ọ lórí. Ẹbí tó sì jókòó sórí ìtàn, tí iye owó ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ wá ju iye owó ilé lọ, ìdánwò ńlá ló wà níwájú wọn. Ní Erékùṣù Èkó, ilẹ̀ ló ń jẹ ilé.

Kí wá ni ó ń mú kí ilé kan dúró kí èkejì wó? Kì í ṣe ògiri. Ọwọ́ irú àwọn oníṣẹ́ kan náà ló kọ́ àwọn ilé yẹn. Kì í ṣe òfin nìkan, nítorí èyí tí òfin ṣọ́ fún ọgọ́ta ọdún ló wó. Èrò tiwa ni pé ìfohùnṣọ̀kan àwọn tó jogún rẹ̀ ni òpó tó gbé ilé ró. Tí òpó yẹn bá yẹ̀, sìmẹ́ǹtì kò ní nǹkan kan tó lè ṣe.

A mọ bí ó ṣe máa ń lọ. Bàbá kú, ó fi ìyàwó mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀, àti ọmọ bí mẹ́wàá. Àwọn kan ní kí wọ́n pín ilé ní ìdí-igi, ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan kí ó mú ìpín kan. Àwọn tí ìyá wọn bí púpọ̀ ní rárá, orí-òjorí ni, ọmọ kọ̀ọ̀kan kí ó mú tirẹ̀. Ẹjọ́ irú èyí ti Èkó dé ilé-ẹjọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti sọ ní 1962 pé ìdí-igi ṣì ni àṣà Yorùbá, ṣùgbọ́n olórí ẹbí lè yan orí-òjorí tó bá rí i pé ìyẹn ló máa mú àlàáfíà wá. Nígbà tí ẹjọ́ bá fi parí, ọmọ ti di bàbá, ọmọ-ọmọ ti pọ̀. Ilé tí ènìyàn kan kọ́ ti di ti ènìyàn ogójì. Nínú ogójì, ẹni tó máa kan ìṣó kan kò sí, ẹni tó máa gba owó nígbà tí oníbàárà bá dé ló pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú un wálé. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí a lọ sí Iléṣà fún ìsìnkú, àwa bíi mélòó kan nínú ẹgbẹ́ rìn yí àdúgbò ká. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn bàbá wa wà níbẹ̀, ọdún tí wọ́n parí ṣì wà níwájú àwọn kan: òdòdó ìrẹ́ ti já, páànù ti jẹrà, igi ti hù láàrin pálọ̀ òkè. Àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ tó ni ín wà ní Lekki, wọ́n wà ní Houston, wọ́n wà ní Peckham. Gbogbo wọn ń sanwó ilé níbi tí wọ́n wà. Àgbà kan tó ń gbé nísàlẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn ilé náà sọ fún wa pé, "Ẹ̀ ń kọ́lé lójoojúmọ́, èyí tí wọ́n kọ́ fún yín ń wó." A kò rí èsì fún bàbá.

Àwa tí a jọ jẹ́ ọ̀gbà yìí ti wọ ogójì ọdún sẹ́yìn. Àwọn òbí wa tó mọ ẹni tó ra ilẹ̀, ẹni tó ṣe ẹlẹ́rìí, ẹni tó kọ́ àtẹ̀gùn, wọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí àwa kò bá béèrè lónìí, ọmọ wa kò ní rí ẹni bi. Nítorí náà, Alukoro ní àbá mẹ́ta fún ọdún 10 tó ń bọ̀, ìgbìmọ̀ sì ti gbà kí a gbé e síwájú yín.

Èkíní, kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ya fọ́tò ilé bàbá rẹ̀, inú àti ìta, kí ó sì kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀: ẹni tó kọ́ ọ, ọdún tó kọ́ ọ, iṣẹ́ tó fi rí owó, àwọn tó gbé ibẹ̀. Ojú ewé méjì péré ti tó. Ẹgbẹ́ yóò kó o jọ sínú ìwé kan. Ẹni tí òbí rẹ̀ kò kọ́ ilé, kí ó kọ nípa yàrá tí wọ́n háyà. Ibi tí a ti tọ́ ènìyàn dàgbà ni ilé.

Èkejì, ìwé ilẹ̀. Níbi iṣẹ́ wa, ojoojúmọ́ la ń rí ẹni tó fẹ́ fi ilé bàbá rẹ̀ yáwó, tí kò sì ní ìwé kankan lọ́wọ́. Ohun tó burú jù ni ẹni tó dá ta ilé ẹbí. Kí gbogbo wa mọ̀ pé lójú òfin, ẹni tó bá ta ohun ìní ẹbí láìsí àṣẹ olórí ẹbí, afẹ́fẹ́ ló tà. Olórí ẹbí tó bá sì dá tà láìsí ìmọ̀ àwọn àgbà ìdílé, ilé-ẹjọ́ lè dá a padà. Ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò yín nígbà tí ẹ ṣì ń bá ara yín ṣe àwàdà. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, ẹ fọwọ́ sí i, ẹ jẹ́ kí lọ́yà rí i. Ẹgbẹ́ ní lọ́yà mẹ́ta, wọ́n ti gbà láti ṣe é ní owó pọ́ọ́kú.

Ẹ̀kẹta ló sún mọ́ Ilé Omi jù. Kí ilé kọ̀ọ̀kan tí a bá tún ṣe ní ohun kan tí yóò máa ṣe fún àdúgbò. Ẹnìkan lè ṣí yàrá ìsàlẹ̀ fún àwọn ọmọdé láti máa kàwé lẹ́yìn ilé-ìwé. Ẹnìkan lè gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, kí ó sì fa ẹnu omi kan síta. Ẹnìkan lè háyà rẹ̀ fún télọ̀ tàbí oníṣègùn, kí owó rẹ̀ máa tún ilé ṣe. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn da Rocha pàápàá kò ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ilé tí àdúgbò ń rí lò, àdúgbò á bá ọ ṣọ́ ọ. Ilé tó wà ní títì, olè àti ejò ló ń bá ọ ṣọ́ ọ.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní Kakawa, ìlú wo ilé, wọ́n sì fi ohun tó ń ti inú rẹ̀ jáde sọ ọ́ lórúkọ. Ẹgbẹ́ wa náà ti pé ọdún 10. A ti ní orúkọ tí a fún ara wa, ó wà lára aṣọ, ó wà lára ìwé yìí. Èyí tí ìlú yóò fún wa kò tíì dé. Ohun tí wọ́n bá ń gbé jáde lẹ́nu ọ̀nà wa ni wọn yóò fi pè wá.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí orúkọ náà dára. Kí a má ṣe rí àdánù ilé, kí a má ṣe rí àdánù ọmọ. Ẹgbẹ́ yìí á pé ogún, á pé ọgbọ̀n, ojú wa á rí i. Ẹ jẹun, ẹ mu, ẹ jó.